Bí ẹ ṣe lè fi drone gbé oògùn àti ohun èlò ìtọ́jú níbi tí èrò pọ̀ sí

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń ṣètò ìlera níbi àpéjọ ńlá ń bi wá léraléra: ṣé a lè fi drone, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, gbé oògùn gba orí èrò kọjá nígbà tí ọkọ̀ áńbúláǹsì kò bá rọ́nà lọ? Ìdáhùn wa ni pé drone lè gbé oògùn dé ibi tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba orí èrò kọjá, àti pé fífò rẹ̀ kọ́ ló nira jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó nira jù ni àádọ́ta ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, láti ibi tí ẹrù ti kan ilẹ̀ títí dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó ń dúró dè é, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń rọ́ wá wòran, ibẹ̀ náà sì ni ẹrù ti ń sọnù.

Àwọn tó ń ṣètò ìtọ́jú níbi ìsìn ìta gbangba, ìdíje eré ìdárayá, ayẹyẹ orin àti ìrìn àjò ẹ̀sìn la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà drone jẹ́ tiyín tàbí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ kan. A kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń darí drone níhìn-ín. Ẹni tó máa darí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

## Ẹ ṣírò àkókò ná

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka ìṣẹ́jú tí drone fi wà lókè nìkan, wọ́n á sì gbàgbé ìyókù. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣírò rẹ̀. Ká ní àgọ́ ìtọ́jú kan wà ní kìlómítà 2 sí ibùdó oògùn, tí drone yín sì ń sáré mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 13 lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń di ẹrù lè lo ìṣẹ́jú 3, àyẹ̀wò kí drone tó gbéra lè gba ìṣẹ́jú 1, gbígba àṣẹ lè gba ìṣẹ́jú 1 mìíràn, sísọ ẹrù kalẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 1, gbígbé e láti ibẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn sì lè gba ìṣẹ́jú 2. Ó ti lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 báyìí, ìyẹn bí ohunkóhun kò bá bàjẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń rọra sáré ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lójú ọ̀nà tí a fi irin ìdènà yà sọ́tọ̀, yóò rin mítà 600 ní ìṣẹ́jú 5. Nítorí náà, bí àgọ́ yín kò bá jìnnà ju mítà 600 lọ, tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì wà, ẹsẹ̀ èèyàn ló máa yá jù, kò sì ní bátìrì tó lè tán lójú ọ̀nà.

Ẹ máa bá ètò drone lọ bí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá pé:

- Ọ̀nà ilẹ̀ jìn, tàbí kò ní ṣeé gbà fún wákàtí púpọ̀ nítorí èrò.
- Ohun tí ẹ fẹ́ gbé fúyẹ́, a sì ń fẹ́ ẹ ní kíákíá.
- Kò ṣeé ṣe láti kó o pa mọ́ sí àgọ́ ṣáájú ọjọ́ àpéjọ, bóyá nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, tàbí pé ó ń fẹ́ fìríìjì.
- Ọ̀nà òfurufú kan wà tí kò gba orí èrò kọjá.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń pa ètò jù lọ. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ tí ẹ kò sì rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹ fo gbogbo ìpín tó tẹ̀ lé e, kí ẹ lọ ka ìpín tó kẹ́yìn.

## Ohun tó yẹ kí drone gbé

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ. Ó fúyẹ́, ó ṣọ̀wọ́n, kì í pẹ́ bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ ṣáájú àgọ́ tí yóò ti nílò rẹ̀ tàbí irú ẹ̀jẹ̀ tí yóò jẹ́. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Zipline ti ń fi drone gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní Rùwáńdà, Gánà sì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 2019, nítorí náà kì í ṣe ohun àdánwò mọ́. Ẹ kàn rántí pé ọgbà ilé ìwòsàn tó ṣófo ni àwọn drone yẹn ń ju ẹrù sí. Ti ẹ̀yin yàtọ̀.

Àwọn mìíràn tó yẹ ni oògùn oró ejò, ínsúlínì, adrenaline fún ẹni tí oúnjẹ tàbí kòkòrò ṣe ní ìjàǹbá òjijì, naloxone fún ẹni tó lo oògùn olóró lálòjù, àti ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lára aláìsàn fún àyẹ̀wò, tó ń padà bọ̀ láti àgọ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ní ti ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò yìí, àwọn onímọ̀ ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ti dán an wò ní ọdún 2015, wọ́n sì tún ṣe é ní ọdún 2017 lórí ìrìn tó lé ní 250 kìlómítà. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà fún wákàtí 3 kò bàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ibi tó wà tutù. Ẹ dì í sí ìpele mẹ́ta: igò rẹ̀, àpò tí omi kò lè jò jáde nínú rẹ̀, àti àpótí líle lóde.

Ẹ má ṣe fi drone gbé àwọn wọ̀nyí:

- Sìlíńdà ọ́síjìn. Ẹrù eléwu ni lábẹ́ òfin ọkọ̀ òfurufú, ó sì wúwo.
- Omi dírípù. Lítà kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Ẹ kó o sí àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.
- Morphine, ketamine àti irú wọn, ìyẹn àwọn oògùn líle tó ń pa ìrora, àfi bí aláṣẹ oògùn bá fọwọ́ sí i ní kíkọ, tí àpótí sì ní àgádágodo tí ẹni kan ṣoṣo lè ṣí.
- Yìnyín àti omi tútù fún ẹni tí ooru mú. Ní Hajj ọdún 2024, ooru Mẹ́kà kọjá 50°C, ó sì lé ní 1,300 èèyàn tó kú. Ara ẹni tí ooru dá kú ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tù níbi tó wà, kí a tó gbé e kúrò. Bí ẹ bá ń retí kí drone gbé yìnyín wá, ẹ ti pẹ́.

Ẹ̀rọ AED, èyí tó ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí, ni ọ̀pọ̀ ń béèrè nípa rẹ̀. Lóòótọ́, ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní ìlú Trollhättan ní Sweden, drone gbé AED dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ẹni ọdún 71 kan tó ṣubú níwájú ilé rẹ̀, ó dé ní ìṣẹ́jú 3 àti díẹ̀, ọkùnrin náà sì yè. Ṣùgbọ́n iwájú ilé kan ni, kò sí èrò níbẹ̀. Ìrètí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí kò bá rí ìrànlọ́wọ́. Láàárín èrò, ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí AED ti wà nílẹ̀ ní ibi púpọ̀, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rìn káàkiri, kí drone má wọ ọ̀rọ̀ náà rárá.

## Ìyọ̀ǹda: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú

Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ní Yúróòpù, ẹni tó ń fò ní ìpele tí kò gba ìyọ̀ǹda kò gbọdọ̀ fò lórí àpéjọ èèyàn rárá. Bí ó bá fẹ́ fò níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ ìgbéléwọ̀n ewu, kó sì gba àṣẹ tó dá dúró. Ní Amẹ́ríkà, òfin pín fífò lórí èèyàn sí ìpele mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ìpalára tí drone náà lè ṣe. Ibi méjèèjì ló fi nǹkan bí mítà 120 ṣe òpin gíga tí drone lè dé láìgba àṣẹ àrà ọ̀tọ̀.

1. Ẹ kọ̀wé sí àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú lórílẹ̀-èdè yín. Ẹ fi àwòrán ọ̀nà, ìwọ̀n drone, àti ohun tí yóò ṣe bí ó bá sọnù lójú rédíò kún un.
2. Ẹ lọ bá ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò lójúkojú. Bí èèyàn pàtàkì bá ń bọ̀ níbi àpéjọ náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń dí rédíò àti GPS wá, kí wọ́n sì já drone yín bọ́ láìmọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló gbé. Ẹ gba àkókò tí wọ́n máa tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fún wọn ní àwọ̀ àti iná drone yín kí wọ́n lè dá a mọ̀.
3. Ẹ bá àwọn tó ni hẹlikópítà ìgbàlà sọ̀rọ̀. Àdéhùn náà rọrùn: bí hẹlikópítà bá ń bọ̀, gbogbo drone á balẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.
4. Ẹ gba ìyọ̀ǹda ilé ẹ̀jẹ̀ tàbí ilé oògùn tó máa fún yín ní ẹrù, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.
5. Ẹ ra ìwé adójútòfò tó kan ìpalára fún ẹlòmíràn, kì í ṣe ti drone nìkan.

## Yíya ọ̀nà sójú òfurufú

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ yẹra fún orí èrò kò ju ìṣirò díẹ̀ lọ. Drone tó wúwo tó kìlógíráàmù 10, bí ó bá já láti mítà 50, yóò kan ilẹ̀ pẹ̀lú eré tó lè súnmọ́ kìlómítà 110 ní wákàtí kan. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá bà lórí kò ní nílò oògùn tó gbé mọ́. Àwọn tó wà nítòsí náà á sì sáré. Nínú èrò tó ti fún pọ̀, sísáré yẹn lè pa èèyàn ju drone fúnra rẹ̀ lọ.

1. Ẹ ya àwòrán èrò ní wákàtí sí wákàtí. Pápá tó ṣófo láago mẹ́jọ àárọ̀ lè kún fọ́fọ́ láago méjìlá. Àwòrán kan ṣoṣo kò tó. Ẹ ya ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti ìgbà tí àpéjọ bá ń tú.
2. Ẹ wá ohun tí kò sí èèyàn lábẹ́ rẹ̀. Odò, òrùlé ilé ìkẹ́rù, ojú ọ̀nà tí a ti tì pa, etí ọgbà, igbó. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kọ́rọ́ tó sì gùn ní ìlọ́po méjì sàn ju èyí tó tọ́ tó gba orí pèpéle.
3. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn tó ń darí drone ni pé jíjìnnà sí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ kéré sí gíga tí drone wà. Bí drone bá wà ní mítà 50, ẹ jìnnà tó mítà 50 ó kéré tán, kí ẹ sì fi kún un bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ síhà èrò.
4. Bí ẹ kò bá lè ṣàì sọdá ojú ọ̀nà tí èèyàn ń gbà, ẹ yan ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kí ẹ fi ẹ̀ṣọ́ méjì síbẹ̀ láti dá èèyàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń sọdá títì.
5. Ẹ sàmì sí ibi ìbalẹ̀ pàjáwìrì lójú ọ̀nà, kí olùdarí má ṣe jìnnà sí ọ̀kan ní àkókò kankan.
6. Ẹ yí ètò ìpadàsílé padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ drone ni wọ́n ti ṣètò pé bí rédíò bá já, kó gòkè, kó sì padà sílé ní ìlà tó tọ́. Ìlà tó tọ́ yẹn ni orí èrò gan-an! Ẹ ti lo ọ̀sẹ̀ méjì láti ya ọ̀nà tó yí èrò ká, drone á sì fi ìṣẹ́jú kan sọ gbogbo rẹ̀ di asán. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó gba ọ̀nà tó gbà lọ padà, tàbí kó balẹ̀ níbi pàjáwìrì tó súnmọ́ ọn jù. Bí irú drone yín kò bá gba ètò yìí, ẹ yá òmíràn.

Ẹ dán rédíò wò nígbà tí èrò bá ti dé, kì í ṣe nígbà tí pápá bá ṣófo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù ló máa ń kún ojú afẹ́fẹ́, pàápàá lórí 2.4 GHz tí Wi-Fi àti ọ̀pọ̀ drone jọ ń lò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà á sì rọ. Drone tó gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù nìkan kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bákan náà, irin pèpéle àti àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá lè da kọ́ńpáàsì drone rú. Ẹ má ṣe gbéra nítòsí wọn.

## Ibi ìgbẹrù

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹrù fi ń kúrò lára drone. Ó lè balẹ̀ pátápátá. Ó lè dúró lókè kó fi okùn sọ ẹrù kalẹ̀. Ó sì lè jù ú sílẹ̀ pẹ̀lú páráṣúùtì. Páráṣúùtì kò yẹ níbi tí èrò wà, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ síbi tó wù ú. Okùn dára nítorí pé abẹ̀bẹ̀ drone kò ní súnmọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di okùn mú lè fa drone wálẹ̀, nítorí náà ẹ lo okùn tó lè já fúnra rẹ̀ bí a bá fà á. Bí ẹ bá ní àyè tó ní ọgbà yí ká, mo fara mọ́ kó balẹ̀ kó sì pa abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń gba ẹrù á rí i pé ó ti dákẹ́ kó tó súnmọ́ ọn.

1. Ẹ yan ibi tó wà lẹ́yìn àgọ́ ìtọ́jú, kì í ṣe iwájú rẹ̀, kí ẹni tó wà nínú èrò má bàa rí i dáadáa.
2. Ẹ fi irin ìdènà yí i ká, ó kéré tán mítà 10 níbùú, mítà 10 lóòró. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò tó. Àwọn èèyàn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
3. Ẹ kó gbogbo ohun tí atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ lè fẹ́ kúrò: ìwé, ọ̀rá, aṣọ, àti igun àgọ́ tí a kò so dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ní eruku, ẹ wọ́n omi sí i tàbí kí ẹ tẹ́ ẹní ńlá síbẹ̀.
4. Ẹ fi èèyàn méjì síbẹ̀. Ọ̀kan ń gba ẹrù, ìkejì kọjú sí èrò, kò sì gbọdọ̀ wo òkè rárá bí ó ti wù kó wù ú tó.
5. Ẹ fún wọn ní rédíò àfọwọ́mú. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fóònù.
6. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ méjì tí a ó máa lò: ọ̀kan fún "ẹ wá", ọ̀kan fún "ẹ padà". Ẹni tó wà nílẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kì í ṣe olùdarí tó wà ní kìlómítà 2 sí i.

Bí èrò tó wà nítòsí ibi ìgbẹrù bá ti tó èèyàn 4 nínú mítà kan níbùú mítà kan lóòró, ẹ má ṣe pe drone wá. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ wo drone kí wọ́n sì yà á sí fóònù, wọ́n á sún síwájú láìmọ̀, ẹni tó wà létí irin ló máa fara gbá a.

## Dídi ẹrù

Òtútù tí ẹrù kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni àwọn tó mọṣẹ́ gan-an ti ń ṣe àṣìṣe nígbà tí ìkánjú bá dé.

- Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀: ibi ìpamọ́ rẹ̀ wà láàárín 2°C sí 6°C, lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ kọjá 10°C.
- Platelet, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: 20°C sí 24°C. Ẹ má ṣe fi yìnyín sí i láé.
- Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí: 2°C sí 8°C. Bí ó bá ti di yìnyín rí, ẹ sọ ọ́ nù, bí ó tilẹ̀ ti yọ́ padà.

Ẹ má ṣe mú yìnyín inú ike tààrà láti inú fìríìsà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn. Ẹ gbé e sílẹ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ mì í sí etí yín: bí ẹ bá gbọ́ omi tó ń rọ́ nínú rẹ̀, ó ti ṣeé lò. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ó ṣì tutù jù, yóò sì mú kí ohun tó bá fara kàn án dì. Ẹ fi páálí pín wọn níyà, ẹ ti tẹmómítà tó ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ sí àárín ẹrù, kì í ṣe sí ara ìdérí kúlà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gbogbo rẹ̀ lórí ìwọ̀n pẹ̀lú kúlà. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sára drone jẹ́ ti ojú ọjọ́ tó dára. Nínú ooru líle, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, abẹ̀bẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí náà mi ò ní kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n náà. Ẹ fi èdìdì tó ní nọ́ńbà dí àpótí, kí ẹ kọ orúkọ àgọ́, irú ẹ̀jẹ̀ àti àkókò sí ara rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá.

## Ìgbésẹ̀ ní ọjọ́ náà

1. Dókítà àgọ́ béèrè lórí rédíò. Ẹni tó gbọ́ ka ohun tí a béèrè padà sí i, lẹ́tà sí lẹ́tà bí ó bá jẹ́ irú ẹ̀jẹ̀.
2. Ẹ bi í léèrè: ṣé a lè dúró de ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbé e? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rán èèyàn.
3. Ẹni tó ń di ẹrù dì í, ẹnì kejì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé.
4. Olùdarí wo afẹ́fẹ́, bátìrì, abẹ̀bẹ̀, GPS, àti bí ètò ìpadàsílé ṣe wà. Bátìrì gbọ́dọ̀ tó fún àlọ àti àbọ̀, kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sì ṣẹ́ kù.
5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ yàrá ìdarí bóyá òfurufú mọ́, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìdáhùn.
6. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbi ìgbẹrù bóyá ilẹ̀ mọ́.
7. Drone gbéra. Ẹni tó ń ṣọ́ òfurufú kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bí ọ̀nà bá gùn, ẹ fi ẹnì kejì sí àárín ọ̀nà.
8. Bí drone bá dé, yóò dúró ní òkè títí ẹni tó wà nílẹ̀ fi sọ ọ̀rọ̀ "ẹ wá".
9. Ẹni tó ń gba ẹrù wo èdìdì, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sórí rédíò, ó ṣí i, ó ka ohun tí tẹmómítà kọ, lẹ́yìn náà ló tó gbé e wọlé. Bí èdìdì bá já tàbí bí òtútù bá yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn kò wọ ara ẹnikẹ́ni.
10. Nọ́ọ̀sì tún yẹ irú ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé ìwòsàn. Pé òfurufú ló gbà wá kò yí èyí padà.
11. Ẹ kọ àkókò sílẹ̀: láti ìgbà tí a béèrè títí tó fi dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ pa kámẹ́rà tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nígbà tí drone bá wà lókè àgọ́. Aláìsàn tó wà nílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ìdánrawò láìsí èrò. Wọ́n á dán an wò lọ́jọ́ Ajé lórí pápá tó ṣófo, gbogbo rẹ̀ á lọ geere, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Ẹ dá ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ sí etí ibi ìgbẹrù, kí ẹ ní kí wọ́n máa súnmọ́, kí ẹ sì pariwo orin. Ẹ ó rí ohun tí kò tó.

Olùdarí tó tún ń dáhùn rédíò. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹ fi èèyàn méjì sí i.

Gbígbé bátìrì tó ṣì gbóná sórí ẹ̀rọ tó ń gba iná sí i. Ẹ fi sí ibòji títí yóò fi tutù. Èyí tó bá wú, ẹ gbé e jìnnà sí àgọ́ àti sí ohun tó lè jó, kí ẹ má sì lò ó mọ́.

Kí ọ̀gá kan ní kí drone gbéra nítorí àwọn oníròyìn wà níbẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé olùdarí nìkan ló lè sọ pé drone yóò gbéra, kò sì sí ẹni tó lè fi agbára mú un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ lè sọ pé kó má gbéra.

## Bí drone kò bá lè fò

Ẹ ní èyí ní ìmúra láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ líle, òjò tàbí hẹlikópítà lè dá drone dúró fún wákàtí mélòó kan.

- Àpò pípé ní àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a máa ń lò léraléra ti wà níbẹ̀, a sì ń kún un ní òru nígbà tí ọ̀nà bá ṣófo.
- Ẹni tó ń sáré gbé ẹrù. Èèyàn méjì pọ̀, nínú aṣọ tó ń tàn, lójú ọ̀nà tí a fi irin yà sọ́tọ̀. Òun ni yóò gbéra nígbà kan náà tí drone bá gbéra fún ẹ̀jẹ̀ tó kánjú. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé la ó lò.
- Kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù ní etí òde èrò, tí ẹni tó ń sáré yóò gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.
- Fìríìjì kékeré tó ní ẹ̀jẹ̀ O tí kò ní Rh (O negative, tí a lè fún ẹnikẹ́ni ní pàjáwìrì) ní àgọ́ tó jìnnà jù, bí ilé ẹ̀jẹ̀ bá gbà. Apá méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ lè mú kí drone má gbéra rárá ní gbogbo ọjọ́ náà.

Bí drone bá já lójú ọ̀nà, ẹni tó ń sáré ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, kò lọ wo drone. Èèyàn mìíràn, tí ẹ ti yàn ṣáájú, ló máa lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti àpò tó lè gba bátìrì tó ń rú èéfín. Yóò kọ́kọ́ wo bóyá ẹnikẹ́ni fara pa, yóò lé àwọn èèyàn sẹ́yìn, yóò gbé àpótí ẹ̀jẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ọmọdé tó ṣí i, yóò sì dúró níbẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá àti àjọ òfurufú yóò fi dé.